Ìbò tó ń dé lẹ́yìn owó: kí ni iṣẹ́ alátakò nílé aṣòfin wa?

Ọmọ Olóyèmẹkùn

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Àkúrẹ́ àti agbègbè rẹ̀. Lánàá ni mo wà lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ kan ní Òkè-Àró. Rédíò ń sọ̀rọ̀ ìsúná, ni bàbá àgbà kan tó ń dúró de àyè bá bi wá pé: "Nínú àwọn aṣòfin mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tó wà ní Alágbàkà yìí, ta lẹ ti gbọ́ rí pé ó dìde, ó ní òun ò fọwọ́ sí ìsúná?" Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Onígbàjámọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gé mi létí. Ìgbà tí mo délé ni ẹ̀rín náà korò lẹ́nu mi.

Káfíńtà ni mí, n kì í ṣe ọ̀mọ̀wé, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn kí n máa ka bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbòmíràn. Lọ́dún 2013, báńkì ńlá méjì ní orílẹ̀-èdè Cyprus fẹ́ wó. Wọ́n ti yá ìjọba Gíríìsì lówó, púpọ̀ nínú owó náà sì wọmi. Ilẹ̀ Yúróòpù ní àwọn yóò yá Cyprus ní bílíọ̀nù 10 yúrò, àmọ́ kí wọ́n kọ́kọ́ gé nínú owó tí aráàlú fi pamọ́ sí báńkì. Ẹni tí owó rẹ̀ ò tó 100,000 yúrò, wọ́n á gé 6.75 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tí tirẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, 9.9. Ẹ ro ìyá arúgbó tó ń tọ́jú owó ìsìnkú ara rẹ̀, tó jí láàárọ̀ ọjọ́ kan tí wọ́n ní ó ti bá wọn san nínú gbèsè tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ìjọba gbé e dé ilé aṣòfin lọ́jọ́ 19, oṣù Kẹta. Aṣòfin 56 ni wọ́n ní. 36 dìbò pé rárá, 19 káwọ́ gbera. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni! Ẹgbẹ́ ààrẹ gan-an wà lára àwọn tó káwọ́ gbera.

Ó wá kan tiwa. Ọjọ́ 14, oṣù Kẹjọ, 2009, Sanusi Lamido Sanusi tó jẹ́ gómìnà Báńkì Àpapọ̀ nígbà náà lé ọ̀gá àgbà báńkì márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì da ₦420 bílíọ̀nù sínú àwọn báńkì yẹn. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá, ó tún lé mẹ́ta, ₦200 bílíọ̀nù tún jáde. Ẹ ròó pọ̀, ₦620 bílíọ̀nù ni. Ìbéèrè mi ò gùn. Ta ló dìbò sí i?

Àtàrí Àjànàkú

Kò sẹ́ni tó dìbò. Báńkì Àpapọ̀ kì í tọrọ àyè lọ́wọ́ aṣòfin kó tó yá báńkì tó ń kú lọ lówó. Òfin ló fún un láṣẹ bẹ́ẹ̀.

Cyprus tí ò ń fi yangàn yìí, ṣé o ka ìtàn náà dópin? Lẹ́yìn tí wọ́n ti dìbò tán tí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ara wọn, báńkì wọn ò ṣílẹ̀kùn títí di ọjọ́ 28 oṣù yẹn. Nígbà tí wọ́n ṣí i, 300 yúrò péré lèèyàn lè gbà lóòjọ́. Wọ́n pa báńkì kan nínú méjèèjì. Ní èkejì, ẹni tí owó rẹ̀ ju 100,000 lọ, 47.5 nínú ọgọ́rùn-ún lára èyí tó lé lórí rẹ̀ di ìpín ìdókòwò, yálà ó fẹ́ tàbí ó kọ̀. O rí i? Wọ́n kọ 9.9, wọ́n gba 47.5. Àwọn alátakò tìrẹ nìyẹn.

Àbúrò FUTA

Ẹ̀gbọ́n Àtàrí, ẹ jẹ́ ká wo ẹni tó san 47.5 yẹn dáadáa. Olówó ni. Ìyá arúgbó tí ẹ̀gbọ́n Olóyèmẹkùn sọ, ẹni tí owó rẹ̀ ò tó 100,000, wọn ò fọwọ́ kan kọ́bọ̀ rẹ̀ mọ́. Bí ilé aṣòfin bá ti gbà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni, òun náà ì bá san. Gbèsè náà ò parẹ́, mo gbà, àmọ́ rárá yẹn gbé e kúrò lórí ẹnì kan lọ sórí ẹlòmíràn.

Amẹ́ríkà náà ṣe irú ẹ̀ lọ́dún 2008. Ìjọba Bush fẹ́ bílíọ̀nù 700 dọ́là láti fi gba báńkì là. Ọjọ́ 29, oṣù Kẹsàn-án, ilé aṣojú-ṣòfin wọn já a nílẹ̀, 228 sí 205. Àwọn tó pọ̀ jù nínú àwọn tó tako ó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Bush fúnra rẹ̀! Ọjà ìpín ìdókòwò já wálẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ní ààmì 777. Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn rẹ̀ ni àbá náà tún padà wá, wọ́n sì gbà á ní 263 sí 171. Àmọ́ kò padà wá lọ́wọ́ òfo. Owó tí ìjọba wọn máa ń dúró fún bí báńkì bá kú, tó jẹ́ 100,000 dọ́là fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tẹ́lẹ̀, wọ́n ti sọ ọ́ di 250,000. Ẹni tó fowó pamọ́ ló jèrè ọjọ́ mẹ́rin yẹn.

Ìyá Aláṣọ Ọjà Ọba

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ń ka gbogbo yín. Kí ni iye tí ìjọba tiwa náà ń dúró fún tí báńkì bá kú? Ẹ fi náírà sọ ọ́.

Àbúrò FUTA

Mọ́mì, NDIC ni wọ́n ń pe àjọ tó ń san án. ₦500,000 ni fún báńkì ńlá títí di oṣù Karùn-ún 2024, ìgbà náà ni wọ́n gbé e sí ₦5 mílíọ̀nù. Ó dára tí wọ́n tètè ṣe é, torí oṣù tó tẹ̀lé e, ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà, ni Báńkì Àpapọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Heritage Bank. Ẹni tí owó rẹ̀ wà níbẹ̀ tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún lọ, NDIC ló san án fún un.

Àmọ́ àjọ náà fúnra rẹ̀ ló gbé iye yẹn sókè. Kì í ṣe pé aṣòfin kan di ìsúná mú, tó ní "ẹ kọ́kọ́ tọ́jú àwọn ènìyàn mi kí n tó dìbò."

Akọ̀wé Báńkì Tẹ́lẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ ohun tí ojú mi rí, torí púpọ̀ nínú yín ṣì wà nílé ìwé nígbà náà.

Oṣù Kẹjọ ọdún 2009, mo wà lẹ́yìn káńtà ní báńkì kan lójú ọ̀nà Ọba Adésidà. N kò ní dárúkọ rẹ̀, kò sì sí nínú àwọn tí Sanusi kàn lára lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ Ẹtì ni ìròyìn jáde. Ní Mọ́ńdè, agogo méje àárọ̀ kò tíì lù tí èrò ti kún ẹnu ọ̀nà. Ọkùnrin oníkòkó kan wá láti Ìdànrè pẹ̀lú àpò ṣaka, ó ní kí n san gbogbo owó òun. Mo ní "Bàbá, báńkì wa kọ́ ni wọ́n dárúkọ." Ó ní, "Ẹyin tó bá kọ́kọ́ fọ́ nínú agbọ̀n, ṣé òun nìkan ló máa ń rùn?" Mo sanwó fún un. Ọ̀sẹ̀ kejì ló dá a padà, ó ní àwọn ọmọ ilé ti rí àpò náà, òun ò rí oorun sùn mọ́.

Báńkì tí ẹnikẹ́ni ò tíì fẹ̀sùn kàn nìyẹn o. Ẹ wá fojú inú wo báńkì tí wọ́n kéde pé ó ti jẹ gbèsè, tí Àbújá wá ń jiyàn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí bóyá kí wọ́n gbà á tàbí kí wọ́n fi í sílẹ̀. Kí iyàn ọjọ́ kejì tó parí, kò ní sí owó kankan mọ́ nínú ẹ̀. Nínú báńkì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, kò sí ẹni tó fowó pamọ́ tó pàdánù kọ́bọ̀. Tí iná bá ń jó òrùlé, omi là ń bù, a kì í kọ́kọ́ pe ìpàdé ẹbí.

Ọmọ Olóyèmẹkùn

Bàbá, mo gba ọ̀rọ̀ yín. N kò ní kí wọ́n jẹ́ kí ilé jó. Ohun tí mò ń bi ni pé, nígbà tí iná ti kú tán, ta ló wá ṣírò omi?

Òfin tó dá AMCON sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ tó ra àwọn gbèsè burúkú lọ́wọ́ báńkì, oṣù Keje 2010 ni ààrẹ Jonathan buwọ́ lù ú. Ó ku díẹ̀ kó pé ọdún kan tí owó ti jáde. Kí aṣòfin tó ráyè lanu, ohun tó yẹ kó jiyàn lé lórí ti di ìtàn.

Èkìmọ̀gún Kan

Láti Oǹdó ni mo ti ń kí yín. Olùkọ́ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì.

Akọ̀wé sọ pé ẹni tó fowó pamọ́ kò pàdánù kọ́bọ̀. Òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí èmi sọ ti ẹni tó ra ìpín. Lọ́dún 2007, àwọn ọmọkùnrin kan tó wọ táì wá bá wa ní ìyàrá olùkọ́, wọ́n ní báńkì àwọn ń ta ìpín ìdókòwò, pé tíṣà tó bá gbọ́n yóò rà, yóò fi kọ́lé. Mo yá owó lẹ́gbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa, mo rà á. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́jọ ni báńkì náà. Mo san gbèsè aláfọwọ́sowọ́pọ̀ yẹn tán ní 2010, oṣù mẹ́tàlélógún gbáko ni wọ́n fi ń gé e nínú owó oṣù mi, fún ìpín tó ti di bébà lásán.

Lóṣù Kẹjọ 2011 ni ìjọba gba mẹ́ta nínú wọn pátápátá, wọ́n fún wọn lórúkọ tuntun, àwọn tó ni ìpín níbẹ̀ lọ lọ́wọ́ òfo. Ní àwọn márùn-ún yòókù, báńkì mìíràn tàbí olówó tuntun wọlé, iye ìpín àwọn tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ rọ̀ jọ̀ọ̀. Kì í ṣe pé mo ní kí ìjọba gbà mí. Ẹni tó ra ìpín ti gbà pé òun lè jèrè, òun sì lè jìyà. Ohun tó ń dùn mí ni pé kò síbì kankan tí wọ́n ti bi wá léèrè, kò sí ilé kan tí ẹnì kan ti dúró kó ní: "Àwọn olùkọ́ kan wà ní Oǹdó tí wọ́n ta ìpín fún ní ọdún méjì sẹ́yìn pẹ̀lú ìwé ìṣirò èké. Ta ni yóò dáhùn?" Ọ̀gá àgbà báńkì kan lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ní 2010, ó sì dá dúkìá púpọ̀ padà. Ilé ẹjọ́ ló ṣe ìyẹn. Ilé aṣòfin kọ́.

Àtàrí Àjànàkú

Ilé aṣòfin sọ̀rọ̀ o! Ṣé ẹ ti gbàgbé ni? Nígbà tí 2010 ń parí lọ, Sanusi sọ níta gbangba pé ilé aṣòfin àpapọ̀ nìkan ló ń jẹ ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ìjọba àpapọ̀ fi ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì. Kíá ni wọ́n pè é. Wọ́n ní kó tọrọ àforíjì. Ó kọ̀, ó ko ìwé ìṣirò rẹ̀ síwájú wọn.

Ẹ wo ìgbà tí ohùn wọn wá ròkè. Nígbà tí ₦620 bílíọ̀nù jáde, wọ́n panu mọ́. Nígbà tó kan abọ́ tiwọn, gbogbo wọn dìde.

Ìyá Aláṣọ Ọjà Ọba

Ha! Àtàrí, o pa mí lẹ́rìn-ín níwájú oníbàárà. Ó ní ṣé aṣọ rẹ̀ ni mò ń fi ṣẹ̀sín.

Ọmọ Olóyèmẹkùn

Ó ṣeun, Àtàrí, ibi tí mò ń lọ gan-an lo bá mi dé. Ìsúná náà ò yàtọ̀. Ẹ wo owó tí ìjọba àpapọ̀ ń yá lọ́wọ́ Báńkì Àpapọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Ways and Means. Òfin ìgbà náà ní kò gbọdọ̀ ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún ìjọba lọ́dún tó kọjá lọ. Wọ́n yá a, wọ́n ń yá a lọ, kí ààrẹ Buhari tó wá sọ fún ilé aṣòfin pé kí wọ́n sọ ọ́ di gbèsè gidi, ó ti lé ní tírílíọ̀nù 22. Àwọn sẹ́nétọ̀ kan bínú lóòótọ́ nígbà tó kọ́kọ́ gbé e wá ní ìparí 2022, ariwo sọ. Oṣù Karùn-ún 2023, wọ́n fọwọ́ sí ₦22.7 tírílíọ̀nù, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ìjọba yẹn tó lọ.

Kí ni wọn ì bá ṣe? Owó ti tán! Ṣé wọ́n á ní kí wọ́n pọ̀ ọ́ ni?

Àbúrò FUTA

Ní ti bílíọ̀nù 700 dọ́là yẹn, òfin pín in. Ìjọba ò lè ná ìdajì kejì bí ilé aṣòfin bá dìbò tako o. Nígbà tó di oṣù Kìíní 2009, wọ́n gbé e dé ilé aṣòfin àgbà wọn, 52 sí 42 ni wọ́n fi jẹ́ kó jáde. Ó jáde náà ni, àmọ́ owó yẹn ṣì wà nílé nígbà tí wọ́n ń dìbò. Bàbá Akọ̀wé, irú èyí ò ní jẹ́ kí èrò ya bo báńkì. Ìdajì àkọ́kọ́ ti pa iná.

Akọ̀wé Báńkì Tẹ́lẹ̀

Ọmọ yìí, o gbọ́n. Mo gbà fún ọ níbi yẹn. Ẹ fún apaná lómi ọkọ̀ kan, kó wá sọ bó ṣe lò ó kó tó gba ọkọ̀ kejì.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan kún un tí ẹ ò mẹ́nu bà. Àwọn báńkì tó ṣẹ́kù ló ń bá AMCON san nínú gbèsè náà lọ́dọọdún, ìdajì nínú ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo dúkìá wọn. Kò pọ̀ létí, àmọ́ ẹ bi ara yín pé ibo ni báńkì ti ń rí i. Èmi tó ti ń gé owó iṣẹ́ báńkì nínú àkáǹtì àwọn ènìyàn fún ọdún mẹ́tàlélógún, mo mọ̀.

Èkìmọ̀gún Kan

A jẹ́ pé èmi ni mo pàdánù ìpín, èmi ni mo tún ń san gbèsè tó pa á. Ó ga o.

Àtàrí Àjànàkú

Ẹ̀yin ń sọ bí ẹni pé àìgboyà ló fà á tí aṣòfin wa kì í fi í tako. Ẹni tó bá lanu, kí ni wọ́n ń ṣe fún un? 2016, Abdulmumin Jibrin tó jẹ́ aṣojú-ṣòfin ní wọ́n ki owó èrú bọ inú ìsúná, wọ́n ní kó lọ jókòó sílé fún 180 ọjọ́ ìjókòó. Oṣù Kẹta 2024, Sẹ́nétọ̀ Abdul Ningi ní tírílíọ̀nù 3.7 nínú ìsúná ọdún yẹn kò níbi tó ń lọ, wọ́n ní irọ́ ni, oṣù mẹ́ta ni wọ́n fún òun. Ẹ gbàgbé ẹni tó jàre. Ẹni tó wà lórí àga lẹ́yìn tó rí ìyẹn, ṣé òun náà á dìde?

Ní ti ìpínlẹ̀, ẹ wo Rivers. Aṣòfin mẹ́rin ló fọwọ́ sí ìsúná ₦800 bílíọ̀nù ní oṣù Kejìlá 2023, nítorí gómìnà àti àwọn tó pọ̀ jù nínú ilé ti dìjà. Nígbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jù sọ̀rọ̀ ní oṣù Kejì 2025, ó ní kí Báńkì Àpapọ̀ má fún ìpínlẹ̀ náà lówó mọ́ títí ìsúná tó bófin mu yóò fi wà. Oṣù tó tẹ̀lé e ni wọ́n kéde pàjáwìrì: ìjọba àpapọ̀ ní gómìnà àti ilé aṣòfin kó kúrò fún oṣù mẹ́fà. Ṣé irú àtakò tí ẹ fẹ́ ní Àkúrẹ́ nìyẹn?

Ọmọ Olóyèmẹkùn

Rárá o. Ìjà ọ̀gá méjì nìyẹn, ìsúná kàn jẹ́ kùmọ̀ tí wọ́n fi ń lu ara wọn ni. Ọ̀tọ̀ ni aṣòfin tó ka ojú ewé 40, tó ní "owó kòtò ojú ọ̀nà yìí wà nínú ti ọdún tó kọjá, kòtò náà ṣì wà." Irú yẹn ni bàbá tó wà lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ ń wá.

Alámòójútó

Mo ti yọ ọ̀rọ̀ méjì kúrò. Ẹ bú ìsúná bó ti wù yín, ẹ má bú ẹ̀yà ẹnikẹ́ni.

Ìyá Aláṣọ Ọjà Ọba

Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi, oníbàárà ti lọ, kò ra nǹkan kan.

Lọ́dún bíi mẹ́sàn-án sẹ́yìn, aláàjọ wa gbé owó ọgọ́ta obìnrin lọ. Ọ̀sẹ̀ tí a fẹ́ pín in kí ọdún tó parí ni. Kò sí NDIC, kò sí Sanusi. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí a ṣe. Ẹgbẹ́ kan láàárín wa ní kí a fi owó ọjà ṣe ìgbàlà fún àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn jù, opó méjì àti obìnrin kan tó fẹ́ fi tiẹ̀ san owó iléèwé. Àwọn kan tako. Ìyá Alátà dìde, ó ní òun ò ní dáwó àyàfi tí wọ́n bá kọ iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan pàdánù sára pátákó, kí gbogbo ojú rí i. A bínú sí i! A ní ó ní inú burúkú. Nígbà tí wọ́n kọ ọ́ tán, a rí i pé ẹni tó ń sunkún jù, owó rẹ̀ ò tó ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Ìyáálọ́jà kan tí kò sọ̀rọ̀ rárá ló pàdánù jù.

A dáwó náà. Ìyá Alátà ló kọ́kọ́ mú tiẹ̀ wá.

Àbúrò FUTA

Mọ́mì, kí lẹ wá ṣe sí pátákó náà?

Ìyá Aláṣọ Ọjà Ọba

Ó ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n ti fi kọ iye tí à ń ta ìrẹsì sí i.

Èkìmọ̀gún Kan

Ìwé ìpín tèmi náà ṣì wà nínú àpótí. Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣiṣẹ́ ní báńkì, tí mo bá mú un wá sí Àkúrẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, ṣé ẹ lè bá mi wò ó bóyá nǹkan kan ṣì kù nínú rẹ̀?

Akọ̀wé Báńkì Tẹ́lẹ̀

Ẹ mú un wá, tíṣà. Ẹ má kà á sí ire o. Àmọ́ ẹ mú un wá.